Ìkòkò Tó Ń Hó Láìsí Iná

Ẹ̀wà náà ń hó. Ojú ara mi ni mo fi rí i, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi. Ọmọrí ìkòkò ń mì, omi ń ta jáde létí rẹ̀, òórùn àlùbọ́sà ti gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ìkòkò, kò sí iná níbẹ̀. Kò sí igi, kò sí èédú, kò sí sítóòfù, kò sí gáàsì. Orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ìkòkò jókòó lé. Abẹ́ irin náà ni díìṣì tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ńlá kan wà, ó la ẹnu sókè sí oòrùn, bébà dídán bo gbogbo inú rẹ̀. Mo ní kí n na ọwọ́ sí i báyìí ni ìyá mi fà mí lápá sẹ́yìn, díẹ̀ ló kù kí apá yẹn bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Ṣé orí ẹ pé? Ta ló ní kó o fọwọ́ kan nǹkan ẹni tó ń se ẹ̀wà tí kò dáná?"

Àgége nilé wa wà nígbà náà, lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń yọ́ rọ́bà láti fi ṣe kẹ́ẹ̀gì. Láàárọ̀, òórùn búrẹ́dì á ti ọ̀dọ̀ àwọn oníbúrẹ́dì wá, òórùn rọ́bà á pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, àwa la ó sì fa àwọn méjèèjì símú. Yàrá kọjú sí yàrá ni, gbogbo wa la jọ ń lo ẹ̀yìnkùlé kan, níbi tí táǹkì omi àti okùn ìsáṣọ wà. Arúgbó tó ni ìkòkò yẹn ló wà ní yàrá ìparí. Tíṣà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ọmọ Èkìtì, wọ́n tín-ín-rín, wọ́n sì fi òwú dúdú so apá jígí ojú wọn tó ti kán. Èéfín kì í jẹ́ kí wọ́n mí dáadáa. Bí ẹnikẹ́ni bá koná èédú báyìí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ títí omi á fi máa bọ́ lójú wọn. Ìyá Tíṣà ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Ọ̀dọ̀ àwọn onírin àlòkù ni wọ́n ti ra díìṣì yẹn, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wa, ṣùgbọ́n ta ló gbà wọ́n gbọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ìfura ni wàrà tí mo mu dàgbà. Télọ̀ ni ìyá mi. Bí oníbàárà bá mú ìwọ̀n ara rẹ̀ wá láti ilé, ìyá mi á gbà á, á dúpẹ́, á sì yọ tépù lọ́rùn láti tún un wọ̀n. Bí ẹ bá fún wọn ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n á máa wá ibi tí ìwọ̀ wà. Nítorí náà, nígbà tí mo gbé òdo wálé nínú ìṣirò, tí Ìyá Tíṣà ní kí n máa bọ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé kí àwọn kọ́ mi láìgba kọ́bọ̀, ara ìyá mi bù máṣọ.

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ní Èkó yìí? Tọ́ọ̀, lọ. Ṣùgbọ́n má jẹ nǹkan kan níbẹ̀ o. Má mu omi. Ohunkóhun tó o bá rí, wá sọ fún mi."

Bí mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, tí mo tún jẹ́ amí.

Ara ògiri ẹ̀yìn ilé ni pátákó wa. Ìyá Tíṣà á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan tó dúró àti ìlà kan tó sùn, wọ́n á wá fa ìlà mìíràn tó tẹ̀ kọ́rọ́bọ́tọ́ bí igbá gba àárín wọn kọjá. Kuadirátíìkì ni wọ́n pè é. Mo ti gbọ́ orúkọ yẹn ní ilé-ìwé, ẹ̀rù ló máa ń bà mí. Wọ́n kọ èyí sára ògiri:

x² − 6x + 5

Wọ́n kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀:

(x − 1)(x − 5)

Wọ́n tún kọ ẹ̀kẹta:

(x − 3)² − 4

"Ẹnì kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta," ni Ìyá Tíṣà wí. "Aṣọ ló yàtọ̀. Aṣọ iṣẹ́ nìyí, aṣọ ilé nìyí, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì nìyí."

Mo wò wọ́n, mo wo ògiri. Ọ̀kan ní x² lórí, ọ̀kan wọ àkámọ́ méjì, ọ̀kan ní mẹ́rin tí wọ́n ń yọ kúrò nídìí. Ẹnì kan náà bí báwo? Mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu: "Mà, mi ò gbà."

Mo rò pé wọ́n á gbá mi létí, bí àwọn tíṣà wa ṣe máa ń ṣe. Ńṣe ni wọ́n rẹ́rìn-ín, eyín méjì ló kù fún wọn níwájú. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mú nọ́ńbà kan. Èmi kọ́ ni n ó mú un fún ọ, kó o má baà ní mo ti ṣe é sílẹ̀."

Mo mú méje. Mo fi sípò x nínú ti àkọ́kọ́: mọ́kàndínláàádọ́ta, yọ méjìlélógójì kúrò, fi márùn-ún kún un. Méjìlá. Mo fi sí ìkejì: mẹ́fà lọ́nà méjì. Méjìlá. Mo fi sí ìkẹta: mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, yọ mẹ́rin kúrò. Méjìlá. Inú bí mi. Mo mú nọ́ńbà mìíràn, mo tún mú òmíràn, mo ń wá ibi tí irọ́ wà bí ìyá mi ṣe máa ń wá a. Mi ò rí i.

"Kí wá ni wọ́n ń fi aṣọ mẹ́ta ṣe, bó bá jẹ́ ẹnì kan náà?" ni mo béèrè.

"Ohun tí kálukú ń sọ fún ọ kò jọra. Aṣọ àkọ́kọ́ ń sọ ibi tó ti gba ara ìlà tó dúró kọjá: ní márùn-ún. Ìkejì ń sọ ibi tó ti fẹsẹ̀ kan ìlà tó sùn: ní ọ̀kan àti ní márùn-ún. Ìkẹta ń sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, ibi tó relẹ̀ jù: bó o bá rin mẹ́ta sí ọ̀tún, wàá bá a ní mẹ́rin nísàlẹ̀. Bó o bá fẹ́ mọ èèyàn, wo gbogbo aṣọ rẹ̀."

Wọ́n ya ìlà náà sínú bébà kan, wọ́n ká bébà náà ní ibi tí mẹ́ta wà, wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Apá ọ̀tún sùn lé apá òsì pẹ́kípẹ́kí. Ọ̀kan bá márùn-ún, wọ́n di ojú kan. Wọ́n tún fi omi tó ń tú jáde lára páìpù táǹkì hàn mí, bó ṣe ń lọ sókè díẹ̀ kó tó tẹ orí balẹ̀. Wọ́n ní òun náà ni, àmì ìyọkúrò ló wà níwájú x² rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹnu rẹ̀ fi kọjú sí ilẹ̀. Wọ́n ní díìṣì àwọn náà ẹbí wọn ni. Gbogbo ìtànṣán oòrùn tó bá wọ inú rẹ̀, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ń padà lọ pàdé, ibẹ̀ sì ni àwọn gbé irin ìkòkò sí.

Wọ́n gbé ẹ̀wà fún mi lọ́jọ́ náà. Mo ní mo ti yó.

"Ìyá rẹ ló ní kó o má jẹ ẹ́," ni wọ́n sọ, wọn ò bínú. "Kò burú. Ìfura loògùn àgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fura, kó wádìí o. Ìfura tí kò bá wádìí, ọjọ́ kan ló máa pa aládùúgbò ẹni."

Nílé, ìyá mi béèrè ohun tí mo rí. Mo ní kuadirátíìkì. Wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní, "Ṣé nǹkan tó dáa nìyẹn?"

Ẹni tó wá fura ju ìyá mi lọ nínú ilé ni Ìyá Aládùúrà, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa. Wọ́n wà nípò ńlá ní ìjọ aláṣọ funfun tó wà lópin àdúgbò wa, ohùn wọn máa ń jí wa kí fèrè ilé-iṣẹ́ tó dún. Wọn kì í fẹ́ rí ìlà tó wà lára ògiri yẹn. "Ẹ wo àgbélébùú tí wọ́n gbé igbá há láàárín! Ṣé ìṣirò nìyẹn?" Bí wọ́n bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á fi ọwọ́ ya àmì sí iwájú orí, wọ́n á sáré kọjá.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni a gbọ́ igbe. "Jésù! Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti rí mi mú!" Gbogbo wa sáré jáde. Ìyá Aládùúrà dúró láàárín ẹ̀yìnkùlé, wọ́n gbé sùtánà funfun wọn sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ihò méjì wà láyà rẹ̀, èkínní lọ́tùn-ún, èkejì lósì, etí wọn jó dúdú. Wọ́n yí i sẹ́yìn. Méjì mìíràn wà níbẹ̀.

"Ojú ni! Ojú àjẹ́ ló ń wò mí láti inú aṣọ mímọ́! Orí okùn níwájú yàrá mi ni mo sá a sí o, kò sí iná, kò sí ààrá. Ẹ bi mí pé ta ló ń dáná láìsí iná nínú ilé yìí!"

Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí gbogbo ojú fi yí sí yàrá ìparí. Onílé jáde wá, bàbá kan tí kì í fẹ́ ariwo, wọ́n sì yẹ aṣọ náà wò. 

"Ìyá Tíṣà, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ wá ibòmíràn lọ kí oṣù yìí tó parí. Mi ò lè fi ilé mi ta tẹ́tẹ́."

Ìyá Tíṣà bọ́ jígí ojú wọn, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń nù ún, wọn ò wo ẹnikẹ́ni. Wọn ò ní ará ní Èkó. Ọdún tí wọ́n ti lò nínú yàrá yẹn ju ọjọ́ orí mi lọ. "Ọmọ mi," wọ́n sọ fún onílé, "ta ni yóò fún arúgbó tí ẹ bá lé jáde pé àjẹ́ ni, ta ni yóò fún un nílé?" Wọ́n ní kí a fún àwọn di ọ̀sán ọ̀la, nígbà tí oòrùn bá dé àtàrí. Onílé gbà, bóyá nítorí ojú ń tì wọ́n.

Ẹ̀rù bà mí o, mi ò ní purọ́. Mo fẹ́ràn ìyá yẹn, síbẹ̀ ọkàn mi ń bi mí pé: bó bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Ihò mẹ́rin! Kí ló lè lu ihò mẹ́rin sára aṣọ tó wà lórí okùn?

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ilé dúró kiri ẹ̀yìnkùlé, onílé dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì. Ìyá Tíṣà jókòó sórí àpótí, wọ́n ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà.

"Mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, ẹ ó ní mo pe ọfọ̀ sí i. Télọ̀ wa, tépù rẹ dà?"

Ìyá mi! Nínú gbogbo ilé, ìyá mi ni wọ́n pè. Màámi yọ tépù lọ́rùn, wọ́n sì lọ, nítorí pé kò sí ohun tí wọn ò lè wọ̀n láyé. Wọ́n wọn ẹnu díìṣì: ọgọ́fà sẹ̀ǹtímítà. Wọ́n fi rúlà onígi dábùú ẹnu rẹ̀, wọ́n wọn bó ṣe jìn tó: ogún.

"Ọmọ mi, sọ ibi tí iná wà fún ìyá rẹ."

Gbogbo ojú wá sára mi. Mo gba ṣọ́ọ̀kì. Mo ya díìṣì náà sára ògiri, mo fi ìdí rẹ̀ jókòó sí oríta ìlà méjèèjì kí aṣọ rẹ̀ lè fúyẹ́: y = ax². Ìdajì ọgọ́fà jẹ́ ọgọ́ta. Ọgọ́ta lọ́nà ọgọ́ta jẹ́ 3600. Ogún ni gíga rẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà lẹ́tà a yẹn jẹ́ ìdá kan nínú 180. Ìyá Tíṣà ti kọ́ mi pé bí mo bá pín 180 yẹn sí mẹ́rin, n ó rí ibi tí àwọn ìtànṣán ti ń pàdé. "Márùndínláàádọ́ta. Sẹ̀ǹtímítà márùndínláàádọ́ta sókè láti ìdí rẹ̀."

Ìyá mi so bébà mọ́ orí rúlà, wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí òjìji wọn má bo díìṣì. Wọ́n nà án sí ibi tó súnmọ́ ìdí. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n ń wo tépù. Nígbà tí wọ́n dé márùndínláàádọ́ta, èéfín rú, iná sọ!

Áà! Ẹ ò bá rí eré. Bàtà ń fò, ọmọ ń ké, onílé ti wà lẹ́yìn táǹkì. Ìyá Aládùúrà ń pariwo, "Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ṣé ẹ ti rí i?" Ìyá mi nìkan ló dúró. Wọ́n so bébà mìíràn, wọ́n gbé e lọ sókè jù, kò jó. Wọ́n tún dá a padà sí márùndínláàádọ́ta. Ó jó.

"Àjẹ́ wo," ni Ìyá Tíṣà bi wọ́n, "ló ń dúró de oòrùn, tó tún jẹ́ pé bí ẹ bá ti sún díẹ̀, kò rí yín mọ́?"

Àwọn kan ti ń padà bọ̀. Ṣùgbọ́n onílé ti ẹ̀yìn táǹkì sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wúwo: "Ìyá, a ti gbọ́. Ìwọ̀nba ibí ni iná yín mọ. Okùn ìsáṣọ wà lọ́hùn-ún. Báwo ni iná ṣe rìn dé ọ̀hún?"

Ìyá Tíṣà wo okùn, wọ́n wo díìṣì. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Mo rí i lójú wọn pé wọn ò mọ̀ ọ́n.

Mo yíjú sí sùtánà náà lọ́wọ́ Ìyá Aládùúrà. Ihò méjì. Ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ojú ìránpọ̀ gba àárín wọn kọjá. Bí èkínní ṣe jìn sí ìránpọ̀ ni èkejì náà ṣe jìn sí i. Ọ̀kan àti márùn-ún. Mẹ́ta láàárín.

"Màámi," mo kígbe, "ẹ ká a! Ẹ ká sùtánà yẹn!"

Ọwọ́ ìyá mi ni wọ́n ti rán an, kò sí ibi tí wọn ò mọ̀ lára rẹ̀. Wọ́n gbà á, wọ́n ká a ní ojú ìránpọ̀. Ihò ọ̀tún sùn lé ihò òsì. Wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́, ìka gba ti iwájú, ó gba ti ẹ̀yìn, ó yọ sí òdìkejì. Ihò mẹ́rin ti di ẹyọ kan. Ìyá mi wá yí ojú sí Ìyá Aládùúrà, irú ojú tí wọ́n máa ń fi wo oníbàárà tó ní òun ò sanra sí i.

"Aṣọ tó wà ní kíká ni iná yìí lù. Aṣọ tí a sá sórí okùn kì í ká ara rẹ̀. Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo lẹ gbé aṣọ yìí sí?"

Ìyá Aládùúrà wo ilẹ̀. Nígbà tí ohùn wọn jáde, kì í ṣe èyí tó ń jí wa láàárọ̀ mọ́.

"Orí irin yẹn ni. Èmi ni mo ṣí àpò tí wọ́n fi bò ó. Mo da omi àdúrà sínú díìṣì yẹn, mo fi aṣọ nù ún pátápátá. Mo wá ká sùtánà mi, mo gbé e lé irin náà kí agbára ibẹ̀ lè wó. Mo lọ ra nǹkan bọ̀, mo bá a tó ń rú èéfín." Omijé ti dé. "Báwo ni n ó ṣe sọ fún ìjọ pé aṣọ mímọ́ ni díìṣì ṣẹ́gun?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Tíṣà dìde lórí àpótí, wọ́n rìn lọ bá wọn. Mo rò pé èpè ló ń bọ̀.

"Ẹ nù ún?" ni wọ́n wí. "Abájọ! Abájọ tó fi dán bẹ́ẹ̀! Eruku ti bo bébà yẹn ó ti pẹ́, apá mi ò sì ká a mọ́. Ẹ ṣeun."

Onílé wúkọ́. Wọ́n ní kí Ìyá Tíṣà má kó jáde mọ́, kí wọ́n ṣáà máa bo díìṣì yẹn. Ìyá Tíṣà gbé ìkòkò ẹ̀wà lé irin. Nígbà tó jinná, ìyá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n gba abọ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n fi ṣíbí yí i. Wọ́n fi díẹ̀ sẹ́nu. "Iyọ̀ rẹ̀ ò tó," ni wọ́n sọ, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán. Èmi náà jẹ tèmi.

Ìyá mi lẹ aṣọ funfun mọ́ ojú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìgba nǹkan kan. Títí tí mo fi kúrò nílé, mo máa ń rí ojú àlẹ̀mọ́ yẹn láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Ìyá Aládùúrà wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ bàtà, wọn ò sì fi ọwọ́ bò ó.

Ìyá Tíṣà ti lọ sinmi ní Èkìtì. Ìyá mi náà ti dolóògbé. Opebi ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mo sì ń fura sí gbogbo nǹkan síbẹ̀: ìwé tí ọ̀gá mi ní kí n buwọ́ lù, fídíò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù, àríran tó ní òun rí ọ̀tá mi. Ohun tó yí padà ni pé mi ò lè fura kí n sì jókòó. Mo gbọ́dọ̀ mú nọ́ńbà tèmi kí n dán an wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tí mo fura sí kò mọwọ́mẹsẹ̀, mo sì máa ń rántí àpótí yẹn àti ọwọ́ tí Ìyá Tíṣà ká mọ́ àyà, ojú á tì mí fún gbogbo aráyé.

Láìpẹ́ yìí, mo yà sí Àgége lọ kí Ìyá Aládùúrà. Wọ́n ti darúgbó. Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá wọn, lórí àpótí kan, níwájú díìṣì tí Ìyá Tíṣà fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀wà ń hó. Obìnrin ayálégbé tuntun kan ń kọjá pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀, ó rí ìkòkò, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó sì fa ọmọ náà lápá sẹ́yìn kíá.

"Má lọ sọ́dọ̀ ìyá yẹn o," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ọ.

Ìyá Aládùúrà ò bínú. Wọ́n na ọwọ́ sí i pé kó máa bọ̀, wọ́n sì yíjú sí mi. "Ọmọ mi, ṣé o mú tépù dání?"

Mo ṣí báàgì mi. Tépù ìyá mi wà níbẹ̀, ibi tó máa ń wà, mo sì gbé e fún obìnrin náà.